Ewúrẹ́ mi mẹ́ta kú: ṣé mo lè ta àwọn tó kù?

Ìbéèrè: Ẹ̀yin olóòtú, mo ń sin ewúrẹ́ ní Ìsánlú, ìpínlẹ̀ Kogí. Mo ra òbúkọ kan lọ́jà Kàbà, mo sì dà á pọ̀ mọ́ àwọn tó wà nílé lọ́jọ́ náà gan-an. Kò ju ọ̀sẹ̀ kan lọ tí ikun fi ń dà nímú wọn, tí wọ́n sì ń yàgbẹ́ gbuuru. Mẹ́ta ti kú. Àwọn ará ilé ní kí n tètè ta ìyókù, ṣùgbọ́n ẹnìkan ní òfin kò gbà á. Ṣé òótọ́ ni?

Ìdáhùn: Òótọ́ ni. Òfin ìjọba àpapọ̀ lórí àrùn ẹran gbé iṣẹ́ àkọ́kọ́ lé ẹni tó ni ẹran lọ́wọ́: bí ó bá ti fura sí àrùn tó ń ràn, kí ó fi tó òṣìṣẹ́ ìṣègùn ẹran tó sún mọ́ ọn jù lọ létí, kí ó sì ya ẹran tó ń ṣàìsàn sọ́tọ̀. Ẹ lọ sí ẹ̀ka iṣẹ́ àgbẹ̀ ní ìjọba ìbílẹ̀ yín lónìí, kí ẹran kankan má sì kúrò lọ́gbà yín kí òṣìṣẹ́ náà tó dé.

Ohun tí ẹ ṣàlàyé jọ PPR, àrùn tó ń ràn láàrin ewúrẹ́ àti àgùntàn, tí àwọn kan ń pè ní kata. Kì í mú ènìyàn, ṣùgbọ́n bó ṣe ń ṣe ẹran jọ ti àwọn àrùn mìíràn, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi máa ń fi òwú nu ojú àti imú ẹran, tí wọ́n sì ń fa ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ fún àyẹ̀wò. Ilé ìwádìí ìjọba tó wà ní Vom, nítòsí Jos, ló ń ṣe irú àyẹ̀wò bẹ́ẹ̀, ibẹ̀ náà ni wọ́n sì ti ń ṣe abẹ́rẹ́ àjẹsára rẹ̀. Abẹ́rẹ́ kan ṣoṣo lè dáàbò bo ewúrẹ́ fún nǹkan bí ọdún mẹ́ta, àmọ́ kò lè wo èyí tó ti ń ṣàìsàn sàn.

Àwọn tó ti kú ńkọ́? Ẹ má bó wọn, ẹ má jẹ wọ́n. Inú kòtò jíjìn ni kí ẹ sin wọ́n sí. Bí ẹran bá ṣàdédé kú, tí ẹ̀jẹ̀ tí kò dì sì ń jáde nímú tàbí nídìí rẹ̀, ẹ má tilẹ̀ fi ọ̀bẹ kàn án, nítorí ó lè jẹ́ àrùn anthrax, èyí tó ń pa ènìyàn, tí kòkòrò rẹ̀ sì ń wà nínú ilẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ìpínlẹ̀ Niger tó bá wa pààlà ni wọ́n ti rí i lọ́dún 2023.

Òfin àrùn ẹran tí mo mẹ́nu bà lókè náà ló ní kí àwọn tó ń kó màlúù láti Ìlọrin wá sí Yàgbà gba ìwé àṣẹ. Lójú tèmi, ìwé tí wọ́n kọ láìfojú kan ẹran, ìwé lásán ni.

Nígbà mìíràn tí ẹ bá ra ẹran, ẹ fi sí ibi ọ̀tọ̀ fún ọjọ́ 21, kí ó ní garawa omi tirẹ̀. Ní ti òbúkọ yẹn, ẹ sọ ẹni tó tà á fún òṣìṣẹ́ náà, nítorí ó ṣeé ṣe kí àwọn ewúrẹ́ tó bá a jọ wọkọ̀ wá sọ́jà ti wà lágbàlá ẹlòmíràn báyìí.