Ẹ Má Kun Pẹ́pẹ́yẹ Onígi Yẹn

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, sà. Maryland ní Amẹ́ríkà ni mo ń gbé. Mo ra pẹ́pẹ́yẹ onígi kan lọ́wọ́ ìyá àgbà kan tó ń ta ẹrù ilé rẹ̀ kó tó kó lọ. Ọ̀dà ara rẹ̀ ti ń ṣí, ọrùn rẹ̀ sì ti sán. Ẹnì kan ní òun máa họ ọ̀dà náà kúrò, kí òun tún un kùn, pé ìgbà yẹn ló máa tó lówó lórí. Ọ̀rẹ́ mi sì ní sísán tó sán yẹn ti fi hàn pé ó ti pẹ́. Ẹ jọ̀ọ́, kí ni kí n ṣe?

ÌDÁHÙN: Ẹ má jẹ́ kí ẹni yẹn fọwọ́ kàn án. Ẹnu mi ti fẹ́rẹ̀ẹ́ bó lórí ọ̀rọ̀ yìí. Kì í ṣe ẹ̀yin lẹ ń bí mi nínú o, àwọn tó ń gbowó lọ́wọ́ yín láti ba ẹrù yín jẹ́ ni.

Decoy ni wọ́n ń pe irú ẹyẹ yìí: ọdẹ á gbé e sórí omi kí pẹ́pẹ́yẹ gidi lè rò pé ẹgbẹ́ òun ló wà níbẹ̀, kó sì bà sí ibi tí ìbọn ká a. Etí omi Chesapeake tí ẹ wà yẹn wà lára ibi tí wọ́n ti gbẹ́ ẹ jù.

Ẹ̀yin ń rò ó bí ẹni tó fẹ́ ta mọ́tò, pé bó bá ti ń dán, owó ẹ̀ á gòkè. Nídìí iṣẹ́ ohun àtijọ́ tiwa, ọ̀dà àtijọ́ yẹn gan-an ni wọ́n ń rà. Ẹ wo A. Elmer Crowell, ẹni tó ń gbẹ́ decoy ní Massachusetts. Bó ṣe ń kun ìyẹ́ ẹyẹ, tí àwọ̀ kan á rọra wọnú èkejì, ló sọ ọ́ di ẹni ńlá. Lọ́dún 2007, wọ́n ta ẹyẹ rẹ̀ méjì, ọ̀kọ̀ọ̀kan lé ní mílíọ̀nù kan dọ́là. Ẹni tó bá họ ọ̀dà Crowell kúrò, igi lásán ló kù sí i lọ́wọ́. Mi ò sọ pé ti Crowell ni tiyín o. Ẹyẹ tí ẹnikẹ́ni ò mọ ẹni tó gbẹ́ ẹ pàápàá lè pàdánù èyí tó pọ̀ jù nínú iye rẹ̀ bí ọ̀dà rẹ̀ bá lọ.

Ẹ ó ní, ṣebí àwọn ọdẹ náà máa ń tún un kùn? Òótọ́ ni. Omi àti òòrùn kì í jẹ́ kí ọ̀dà pẹ́, ọdẹ á sì tún un kùn kí àsìkò ọdẹ tó dé. Lem àti Steve Ward, tẹ̀gbọ́n-tàbúrò ní Crisfield ní Maryland níbẹ̀, tún ẹyẹ tí àwọn fúnra wọn gbẹ́ kùn fún oníbàárà. Ìyẹn wà lára ìtàn ẹyẹ. Èyí tí ẹnì kan fẹ́ kùn sí i nínú gáréèjì lọ́dún yìí ò sí lára ìtàn kankan. Nígbà mìíràn, ọ̀dà àkọ́kọ́ ṣì wà lábẹ́ ti ọdẹ. Onímọ̀ tó ní sùúrù lè fi ọ̀bẹ tín-ín-rín ṣí ti òkè díẹ̀díẹ̀, kí ojú rẹ̀ má kúrò nínú gíláàsì tó ń sọ nǹkan di ńlá. Iṣẹ́ sáńpépà kọ́ nìyẹn.

Ti ọ̀rẹ́ yín ò gba àlàyé púpọ̀. Igi tuntun náà ń sán, àwọn oníjìbìtì sì ń sá a síbi ooru kó lè sán. Ẹ wo inú ibi tó sán yẹn dáadáa: bí ọ̀dà bá wọ inú rẹ̀, igi ti sán kí ọ̀dà yẹn tó dé. Ẹ wo ibi tí ọwọ́ ọdẹ ń gbá mú, orí àti ìrù, bóyá ó ti dán. Ẹ yí ìdí rẹ̀ sókè, kí ẹ wo ojú ibi tí wọ́n so okùn mọ́ àti òjé tí kì í jẹ́ kó dojú dé lórí omi. Bí orí bá ti gbó ṣùgbọ́n tí ìdí rẹ̀ mọ́ bí ẹni pé àná ni wọ́n gbẹ́ ẹ, ẹ fura. Ẹ lọ sí ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé decoy tó wà ní Havre de Grace, kí ojú yín lè mọ èyí tó ti lọ sódò rí.

Mi ò lè dá iye lé e láti inú fọ́tò, ohun tí mo ń sọ yìí kì í sì í ṣe ìwé ẹ̀rí. Bí ẹ bá fẹ́ tà á ní gbàǹjo, ẹ jẹ́ kí ẹni tó mọ̀ ọ́n fọwọ́ ara rẹ̀ gbé e, bó bá sì ṣeé ṣe, kí wọ́n yà á ní X-ray. Òjé lè wà nínú ọ̀dà àtijọ́ pẹ̀lú o: ẹ má họ ọ́, ẹ má fún ọmọ ṣeré, ẹ fọwọ́ bí ẹ bá ti gbé e tán. Búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ tó gbẹ ni kí ẹ fi gbá eruku ara rẹ̀. Kò fẹ́ omi, kò fẹ́ òróró, ẹ má sì gbé e sójú fèrèsé tàbí ẹ̀gbẹ́ ẹ̀rọ amúlémóoru.

Ẹ wá sáré padà sọ́dọ̀ ìyá yẹn kó tó kó lọ. Ẹ béèrè ẹni tó fi ẹyẹ náà ṣọdẹ nínú ẹbí rẹ̀, odò wo ni, àti nígbà wo. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, kí ìyá buwọ́ lù ú.