Ìbéèrè Yín, Ìdáhùn Wa: Wọ́n Já Àgádágodo Táńkì Omi

Ẹ kú iṣẹ́ o. Kànga ẹ̀rọ kan ṣoṣo ni àdúgbò wa ní, táńkì rẹ̀ sì ń gba 5,000 lítà. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, a bá àgádágodo ìdérí táńkì ní jíjá. Àwọn kan ní kí a da chlorine sí i, kí a máa pọn ọ́n lọ. Ṣé ó tó?
— Akọ̀wé ìgbìmọ̀ omi, Òmù-Àrán

Kò tó, ẹ jọ̀wọ́. Chlorine ń pa kòkòrò àrùn, ṣùgbọ́n kò lè mú oògùn apakòkòrò tàbí dísù kúrò nínú omi. Sísè náà kò ràn án. Bí omi bá ṣe ń gbẹ lórí iná ni májèlé mìíràn máa ń ki sí i. Bóyá wáyà ni olè wá jí, síbẹ̀ ẹ ka omi náà sí májèlé títí àyẹ̀wò yóò fi jáde.

Ohun àkọ́kọ́ ni fáàfù tó wà lábẹ́ táńkì: ẹ tì í, kí ẹ sì pa ẹ̀rọ tó ń fa omi. Ẹ má tíì da omi nù, ẹ má fọ ohunkóhun, torí ẹ̀rí yín nìyẹn. Ẹ bu ú sínú ìgò mímọ́ méjì, ẹ kọ ọjọ́ àti wákàtí sí i lára, ẹ gbé e sínú fìríìjì tí oúnjẹ kò sí. Ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ tọ́ ọ wò. Ẹ pe ọlọ́pàá àti àwọn wolé-wolé ìjọba ìbílẹ̀. Kí mọ́ṣáláṣí àti ṣọ́ọ̀ṣì kéde pé ẹni tó ti pọn omi láti alẹ́ àná kò gbọdọ̀ mu ún, kò gbọdọ̀ fi se oúnjẹ, kò sì gbọdọ̀ fún ẹran ọ̀sìn. Ẹ kọ ìkéde náà sílẹ̀ kí gbogbo wọn kà á bákan náà. Ọ̀rọ̀ àfẹnusọ máa ń yí padà kó tó dé ojúlé kẹta.

Bí àyẹ̀wò bá ní kò sí májèlé, ìgbà yẹn ni chlorine wúlò. Ẹ da omi nù, ẹ fọ inú táńkì, kí ẹ wá po 400 gíráàmù HTH, ìyẹn chlorine oníyẹ̀fun (ìdá 65 nínú ọgọ́rùn-ún rẹ̀ ni chlorine), sínú bọ́kẹ́ẹ̀tì oníke tí omi ti wà nínú rẹ̀. Ẹ dà á sínú táńkì, ẹ fa omi kún un. Ẹ ṣí ẹnu ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan títí òórùn chlorine yóò fi jáde, kí ẹ tì í fún wákàtí 12. Ẹ má da omi yẹn sí odò tàbí oko. Lẹ́yìn tí ẹ bá ti fa omi tuntun, kí chlorine tó kù ní ẹnu ẹ̀rọ wà láàárín 0.2 sí 0.5 mílígíráàmù nínú lítà kan kí ẹ tó jẹ́ kí ará àdúgbò pọn ọ́n.

Kí ni a lè ṣe kí ó má ṣẹlẹ̀ sí tiwa?
— Òǹkàwé kan, Ọ̀fà

Ẹ gé mítà méjì kúrò nísàlẹ̀ àkàsọ̀ táńkì, kí ẹ máa gbé èyí tó ṣeé yọ wá nígbà iṣẹ́. Ẹ fi nẹ́ẹ̀tì onírin dí ẹnu páìpù tí omi ń gbà dànù bí táńkì bá kún. Ẹni méjì péré ni kó ní kọ́kọ́rọ́. Kí ilé tó ní ènìyàn márùn-ún máa fi kẹ́ẹ̀gì 25 lítà méjì pa omi mímu mọ́. Ó tó ọjọ́ mẹ́ta. HTH kò sì gbọdọ̀ bá dísù jẹnẹrétọ̀ gbé yàrá kan náà: bí méjèèjì bá pàdé, iná lè sọ.