Kílọ́ọ̀ṣì tuntun, àmọ́ jíà kọ̀ kò wọlé

Ojú Ìwé Ìbéèrè Ọlọ́kọ̀, láti ọwọ́ Mẹkáníìkì Odógunyàn

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ kú iṣẹ́. Canter oní-dísẹ́ẹ̀lì ni mo ń wà. Pákó àti sìmẹ́ńtì ni mo máa ń kó láti Ìkòròdú lọ sí Àgbọ̀wá, nígbà mìíràn títí dé Ẹ̀pẹ́. Kílọ́ọ̀ṣì rẹ̀ àtijọ́ ń yọ̀ tí ẹrù bá ti pọ̀, mo bá ra pressure plate (irin tó ń fún díìsìkì mọ́ ẹ́ńjìnnì) tó le ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Lóòótọ́, kò yọ̀ mọ́. Àmọ́ ó ti wá le lẹ́sẹ̀ jù, jíà kìíní àti rìfáàsì ń ké kí wọ́n tó wọlé, tí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ bá sì mú mi ní Ògólóńtó lọ́sàn-án gangan, kílọ́ọ̀ṣì á kàn rọ̀ wálẹ̀ lábẹ́ ẹsẹ̀ mi. Mẹkáníìkì mi ti fa afẹ́fẹ́ inú ẹ̀ jáde títí, ó ti sú u. Ó ní ká tún gbé jíábọ́ọ̀sì sílẹ̀. Ẹlòmíràn ní kí n lọ ra ọ́pà kílọ́ọ̀ṣì (ìkòkò ọ́ìlì òkè tí ẹsẹ̀ ń tì) tó tóbi ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Èwo ni kí n ṣe?
Awakọ̀ Canter, Ìta Ẹlẹ́wà, Ìkòròdú

ÌDÁHÙN: Ọ̀gá awakọ̀, ẹ kú wàhálà ọ̀nà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbé jíábọ́ọ̀sì yẹn sílẹ̀. Gbogbo àmì tí ẹ kà sílẹ̀ yìí, ọ̀nà tí agbára ẹsẹ̀ yín ń gbà dé ọ̀dọ̀ pressure plate ni mo fura sí, kì í ṣe jíà, kì í sì í ṣe díìsìkì.

Bí ẹ bá tẹ kílọ́ọ̀ṣì, ọ̀pá kékeré kan ló ń ti písítìnì inú ọ́pà. Ọ́ìlì á gba páìpù àti róbà sọ̀kalẹ̀ lọ bá lówà, ìkejì ọ́pà tó wà nísàlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ jíábọ́ọ̀sì. Lówà á ti fọ́ọ̀kì, fọ́ọ̀kì á ti release bearing, ìyẹn á tẹ àwọn ìka pressure plate, díìsìkì á wá bọ́ lára flywheel, irin róbótó ńlá tí ẹ́ńjìnnì ń yí. Tí ìrìn yẹn bá fi ìwọ̀nba díẹ̀ kù, díìsìkì ò ní bọ́ tán, á ṣì máa bá ẹ́ńjìnnì yí. Rìfáàsì ló sábà máa ń kọ́kọ́ pariwo, nítorí pé nínú ọkọ̀ púpọ̀, kò ní ohun tó ń mú eyín jíà yí bákan náà kí wọ́n tó pàdé.

Pressure plate líle yín ń béèrè agbára púpọ̀ sí i lọ́wọ́ ọ́ìlì. Nígbà tí agbára yẹn bá pọ̀, gbogbo ibi tó ti rẹ̀ lójú ọ̀nà ni yóò máa jẹ nínú ìrìn náà. Róbà tó ti gbó á máa wú. Séèlì ọ́pà á máa jẹ́ kí ọ́ìlì yọ́ padà sẹ́yìn. Irin tí wọ́n de ọ́pà mọ́ á máa tẹ̀ síwájú. Kílọ́ọ̀ṣì àtijọ́ fara mọ́ gbogbo ìyẹn. Ti tuntun ò lè fara mọ́ ọn. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ.

Nítorí náà, kí ẹ tó náwó, ẹ wò ó. Ẹ ní kí ọmọ iṣẹ́ yín jókòó sídìí sítíà kó máa tẹ kílọ́ọ̀ṣì, kí ẹ̀yin wà nísàlẹ̀ pẹ̀lú rúlà, kí ẹ wọn bí ọ̀pá lówà ṣe ń jáde tó. Ẹ ní kó tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, kó má gbẹ́sẹ̀ kúrò fún ìṣẹ́jú kan. Bí ọ̀pá náà bá ń padà wọlé díẹ̀díẹ̀ láìsí ọ́ìlì tó ń jò síta, séèlì inú ọ́pà ti lọ nìyẹn. Ẹ fọwọ́ di róbà mú bó ṣe ń tẹ̀ ẹ́. Tí ẹ bá mọ̀ ọ́n pé ó ń wú lọ́wọ́ yín, ẹ pàrọ̀ rẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ wo irin tí ọ́pà dúró lé. Bí ẹ bá rí i tó ń mì lọ síwájú sẹ́yìn, ẹ pe jórinjórin kó fi irin pẹlẹbẹ tó nípọn tì í lẹ́yìn. Ẹ má sì gbàgbé búṣì àti píìnì ibi tí ẹsẹ̀ kílọ́ọ̀ṣì ti ń yí. Búṣì tó ti jẹ lè gba ìrìn yín kí ọ́ìlì tó bẹ̀rẹ̀ sí í rìn rárá, owó kékeré sì ni wọ́n ń tà á.

Ọ̀rọ̀ ọ̀sán gangan yẹn ló ká mi lára jù. Ọ́ìlì bíréèkì, tí í ṣe ohun tí kílọ́ọ̀ṣì yín ń lò, máa ń fa omi láti inú afẹ́fẹ́, ẹ sì mọ bí afẹ́fẹ́ etí ọ̀sà wa níhìn-ín ṣe lọ́rinrin tó. Oríṣi ọ́ìlì bíréèkì tí wọ́n ń pè ní DOT 3, tó bá tuntun, kò gbọdọ̀ hó kó tó dé 205°C, àmọ́ tó bá ti fa omi sínú, ó lè hó ní 140°C. DOT 4 jẹ́ 230°C nígbà tó bá tuntun, 155°C nígbà tó bá ti mu omi. Ẹ wá fi ooru sàlẹ́ńsà àti súnkẹrẹ-fàkẹrẹ kún un. Tí ọ́ìlì inú róbà bá hó, afẹ́fẹ́ gbígbóná ló dà, afẹ́fẹ́ sì ń fún pọ̀, kò lè ti ohunkóhun. Ìdí nìyẹn tí kílọ́ọ̀ṣì fi ń rọ̀, tó tún ń dára padà nírọ̀lẹ́. Ẹ da gbogbo ọ́ìlì dúdú yẹn nù, kí ẹ ra DOT 4 tí ẹnikẹ́ni ò tíì ṣí. Èyí tó ti wà ní ṣíṣí lórí pẹpẹ láti ọdún tó kọjá, ẹ fi sílẹ̀ níbẹ̀. DOT 5 yàtọ̀ pátápátá, ẹ má dà wọ́n pọ̀. Mo ti rí ẹni tó da ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì sí i nítorí pé ọ̀nà jìn. Gbogbo séèlì ló wú, ọ́pà àti lówà ló sì bàjẹ́ pọ̀.

Ohun tí èmi yóò ṣe sí Canter yín rèé: ọ́pà tuntun, lówà tuntun àti róbà tuntun lẹ́ẹ̀kan náà. Tí ẹ bá pàrọ̀ ọ̀kan ṣoṣo, agbára tó ti padà á lọ wá èyí tó gbó nínú àwọn yòókù. Ní ọjà Owódé Onírin, ẹ máa rí tòkunbọ̀ tó dán. Mo lè ra tòkunbọ̀ ẹ́ńjìnnì, àmọ́ n kò ní ra tòkunbọ̀ lówà, torí pé róbà inú rẹ̀ ti dàgbà kó tó wọ ọkọ̀ ojú omi. Bí ẹ bá rí róbà tí wọ́n fi wáyà irin hun lára, ẹ rà á, kì í wú bíi ti lásán. Ẹ gbé e jìnnà sí sàlẹ́ńsà.

Ní ti ọ́pà ńlá, ẹni tó sọ ọ́ fún yín kò purọ́, ṣùgbọ́n kò sọ ìdajì tó kù. Lọ́pọ̀ ìgbà, wọ́n máa ń kọ ìwọ̀n ihò inú rẹ̀ sára rẹ̀. Bí tiyín bá jẹ́ 3/4 ínṣì, tí ẹ sì fi 7/8 rọ́pò rẹ̀, ọ́ìlì tó ń tì jáde á fi bí ìdá 36 nínú ọgọ́rùn-ún pọ̀ sí i. Lówà á rìn jìnnà lóòótọ́, àmọ́ líle kílọ́ọ̀ṣì náà á fi ìdá 36 lé sí i, lórí èyí tó ti le tẹ́lẹ̀. Orúnkún dírébà kò sí lára ohun tí wọ́n ń tà ní Owódé Onírin. Ìrìn tó bá sì pọ̀ jù lè tẹ ìka pressure plate kọjá ààlà, tàbí kó ti písítìnì lówà jáde. Lẹ́yìn tí ẹ bá ti tún gbogbo nǹkan ṣe, tí ìrìn náà kò bá ṣì tó, 13/16 ni kí ẹ wá, tí bí ìdá 17 péré á fi kún un, kí ẹ sì fi ohun kan dá ẹsẹ̀ kílọ́ọ̀ṣì dúró nísàlẹ̀.

Nígbà tí wọ́n bá ń fa afẹ́fẹ́ jáde, ẹ ní kí wọ́n fi síríǹjì ńlá gba ẹnu lówà ti ọ́ìlì lọ sókè. Òkè ni afẹ́fẹ́ fúnra rẹ̀ fẹ́ lọ. Níkẹyìn, ọ̀pá tó ń ti ọ́pà gbọ́dọ̀ mì díẹ̀ nígbà tí ẹsẹ̀ yín ò bá sí lórí kílọ́ọ̀ṣì. Bí wọ́n bá fún un pa, ihò tí ọ́ìlì ń gbà padà á dí, ọ́ìlì tó gbóná kò ní ríbi lọ, kílọ́ọ̀ṣì tuntun yín á sì tún bẹ̀rẹ̀ sí í yọ̀.

ÌBÉÈRÈ: Típà Howo ni mo fi ń kó iyanrìn ní Ẹ̀pẹ́. Láàárọ̀ kùtù, kílọ́ọ̀ṣì rẹ̀ máa ń le bí ẹni ń ti ògiri. Tó bá yá, á rọ̀.
Dírébà típà, Ẹ̀pẹ́

ÌDÁHÙN: Afẹ́fẹ́ ló ń ran ẹsẹ̀ yín lọ́wọ́ nínú Howo. Ọ́ìlì ń pàṣẹ, sáfò tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ jíábọ́ọ̀sì ń fi afẹ́fẹ́ ti fọ́ọ̀kì. Tí táǹkì afẹ́fẹ́ bá ti sófo mọ́jú, ẹsẹ̀ yín nìkan ló ń ṣiṣẹ́. Ẹ jẹ́ kí géèjì gòkè kí ẹ tó tẹ kílọ́ọ̀ṣì. Ẹ sì wá ibi tí afẹ́fẹ́ ti ń jò, nítorí kò yẹ kí táǹkì sófo lóru kan. Lójoojúmọ́, ẹ fa òrùka ìsàlẹ̀ táǹkì kí omi jáde. Omi yẹn ló ń dípẹtà sínú sáfò. Tí géèjì bá ti kún tó sì le síbẹ̀, sáfò ni kí wọ́n tú.

ÌBÉÈRÈ: Dírébà tó ń wa Dyna mi ní Àgbádárìgì kì í pẹ́ béèrè owó díìsìkì kílọ́ọ̀ṣì. Ṣé kì í ṣe pé ó ń rẹ́ mi jẹ?
Ìyá oníṣòwò, Àgbádárìgì

ÌDÁHÙN: Ẹ̀yin Ìyá wa, ẹ má tíì fẹ̀sùn kàn án. Ẹ ní kó gbé díìsìkì àtijọ́ wá fún yín nígbà gbogbo. Bí ọ́ìlì bá wà lára rẹ̀, séèlì ẹ̀yìn ẹ́ńjìnnì tàbí ti jíábọ́ọ̀sì ló ń jò, díìsìkì tuntun kò sì lè yanjú ìyẹn. Bí ó bá ti jẹ dé orí ìṣó, tí flywheel sì ní àmì búlúù, ooru ló jẹ ẹ́: ó lè jẹ́ pé ó ń gbé ẹsẹ̀ lé kílọ́ọ̀ṣì bó ṣe ń wa ọkọ̀ lọ, ó sì lè jẹ́ ọ̀pá tí wọ́n fún pa tí mo sọ lókè. Ẹ jẹ́ kí mẹkáníìkì wo ọ̀pá yẹn ná. Ṣùgbọ́n tí díìsìkì tó gbé wá bá ṣì nípọn dáadáa, tó gbẹ, tí kò sì jóná, ìgbà yẹn ni kí ẹ pè é kó wá jókòó.