Mandacaru mi ń tanná lóru, àmọ́ kì í so: kí ló dé?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, mà. Salvador ní Brazil ni mò ń gbé. Mo gbin mandacaru, ìyẹn igi cactus ẹlẹ́gùn-ún, mẹ́ta sẹ́yìnkùlé, ara igi kan náà ni mo ti gé gbogbo wọn. Wọ́n ń yọ òdòdó dáadáa, àmọ́ tílẹ̀ bá fi máa mọ́ ó ti rọ, tó bá yá a já bọ́. Mi ò rí èso kankan. Ṣé àìsàn ni àbí omi ni ò tó?

Ìdáhùn: Ẹ fọkàn balẹ̀, nǹkan kan ò ṣe é. Bí òdòdó àwọn cactus tó ń jẹ́ Cereus ṣe ń ṣe nìyẹn, mandacaru sì wà lára wọn: tóòrùn bá ti ń wọ̀ ló máa bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí, tó bá fi máa di òru ó ti ṣí gbayawu, funfun láú, òmíì gùn tó sẹ̀ǹtímítà 25, tílẹ̀ bá wá mọ́ tóòrùn mú, ó parí, kò ní ṣí mọ́. Àfòpiná ńlá tí ẹnu ẹ̀ gùn gbọọrọ àti àdán ló ń bá a gbé erúku òdòdó tó fi ń so láti igi kan dé òmíì, àwọn yẹn kì í sì í jáde lọ́sàn-án.

Ibi tí wàhálà wà ni pé igi mẹ́ta yẹn, igi kan ṣoṣo ni wọ́n. Ẹ̀ka tẹ́ ẹ gé lára igi, igi yẹn náà ni, mandacaru kì í sì í gba erúku òdòdó ara ẹ̀. Ká ní ọgọ́rùn-ún àfòpiná bà lé e, kò ní so.

Omi yẹn, ẹ jọ̀ọ́ ẹ má fi kún un o, ìdí ẹ̀ ló máa jẹrà. Caatinga, ilẹ̀ gbígbẹ tó wà ní àríwá ìlà oòrùn Brazil, ló ti wá, níbi tójú ẹran ti ń rí màbo lásìkò ọ̀gbẹlẹ̀, tí àwọn tó ń sin ẹran máa ń sun ẹ̀gún ẹ̀ dànù kí wọ́n tó gé e fún màlúù àti ewúrẹ́ jẹ.

Ẹ wá mandacaru míì láti ibòmíì, èyí tó hù láti inú kóró ló dáa jù. Tí aládùúgbò bá ní, lálẹ́ ọjọ́ tí tiẹ̀ àti tiyín bá jọ ṣí, ẹ tọrọ òdòdó kan. Ẹ máa rí àwọn okùn tín-ín-rín tó pọ̀ gan-an nínú ẹ̀, orí wọn ni erúku yẹn wà. Ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì tó rọ̀ gbá a, kẹ́ ẹ fi pa orí ọ̀pá àárín òdòdó tiyín, èyí tó pín bí ìka ọwọ́, kílẹ̀ tó mọ́ o. Tó bá gbà, òdòdó á gbẹ àmọ́ ìdí ẹ̀ ò ní já, á máa wú ni. Èso pupa ni, inú ẹ̀ funfun, kóró ẹ̀ dúdú wínníwínní, ó ṣeé jẹ, kò sì lẹ́gùn-ún.

Igi ló lẹ́gùn-ún, ẹ wọ gílọ́ọ̀fù tó nípọn, kẹ́ ẹ sì mú tọ́ọ̀ṣì dání.