Ṣé fáànù oníná lè rọ́pò fáànù bẹ́líìtì lára ẹ́ńjìnnì Ìjàpá (Volkswagen Beetle) tí wọ́n gbé sínú bọ́gì, ọkọ̀ kékeré tí kò ní òrùlé?

Rárá, fáànù oníná nìkan kò lè tu ẹ́ńjìnnì Ìjàpá lára. Fáànù tí bẹ́líìtì ń yí máa ń fi tipátipá ti afẹ́fẹ́ gba àárín àwọn irin pẹlẹbẹ tó to lára sílíńdà. Fáànù rédíétọ̀ tí ẹ lè rà ní Ládípọ̀ kò ní irú agbára bẹ́ẹ̀: á máa yí, á máa pariwo, afẹ́fẹ́ kò ní wọlé.

Iná tún ni wàhálà. Ká ní iṣẹ́ fáànù bẹ́líìtì gba agbára ẹṣin 4, ìyẹn bíi wátì 3,000. Lórí bátìrì fólítì (volt) 12, ó di ámípíà 250. Alternator Ìjàpá, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń pèsè iná fún ọkọ̀, kì í sábà ju ámípíà 55 lọ.

Ibi tí fáànù oníná ti wúlò ni kúlà ọ́ìlì àfikún, ìyẹn ohun tó ń tu ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì lára. Ẹ so fáànù kékeré mọ́ ọn, pẹ̀lú rílè (súìṣì tó ń gbé iná ńlá) àti súìṣì tí ooru ń tàn. Ó ń ṣèrànwọ́ nínú sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ Ojúẹlẹ́gbà.

Kí ẹ tó náwó ṣá, ẹ fi àtàǹpàkò tẹ bẹ́líìtì: kó rì bíi sẹ̀ǹtímítà 1.5. Ẹ wò ó bóyá wọ́n ti yọ páànù tó bo sílíńdà dànù nítorí ẹwà, àṣà àwọn onibọ́gì. Bí afẹ́fẹ́ bá ti ń sá lọ níbẹ̀, sílíńdà 3 ló sábà ń kọ́kọ́ jìyà, pàápàá bí kúlà ọ́ìlì bá wà nínú àpótí fáànù.