Ta ló gba Rose Bowl ọdún 2006, báwo sì ni sísìnì yẹn ṣe lọ?

Yunifásítì Texas ló gbà á o, 41 sí 38, wọ́n na USC (Yunifásítì Southern California) ní Pasadena, California, lọ́jọ́ kẹrin oṣù kìíní ọdún 2006. Bọ́ọ̀lù àwọn ará Amẹ́ríkà tí wọ́n máa ń gbé sáyà sáré ni o, ti àwọn yunifásítì. Kò sẹ́ni tó tíì na ìkankan nínú àwọn méjèèjì ní sísìnì 2005 yẹn, USC tiẹ̀ ti wín géèmù 34 léra wọn, díẹ̀ ló kù kí Notre Dame dá wọn dúró, 34 sí 31 ló parí sí. Texas ní tiẹ̀ lọ na Ohio State nílé wọn, wọ́n tún fi 70 sí 3 lu Colorado bolẹ̀.

Lọ́jọ́ Rose Bowl yẹn, tó jẹ́ àṣekágbá, ó ku nǹkan bí ìṣẹ́jú méje, USC ti wà níwájú pẹ̀lú 38 sí 26. Vince Young, ẹni tó máa ń ju bọ́ọ̀lù fún Texas, ló gbà wọ́n là. Ó ku sẹ́kọ́ńdì 19, fourth down (ìgbìyànjú kẹrin, tó jẹ́ ìkẹyìn) ni, yáàdì márùn-ún ni wọ́n ń wá kí bọ́ọ̀lù má bàa bọ́ lọ́wọ́ wọn, kò rẹ́ni ju bọ́ọ̀lù sí, ló bá gbé e fúnra ẹ̀, ó sá gba ọwọ́ ọ̀tún wọlé, wọn ò rí i mú. Yáàdì 200 ló fẹsẹ̀ sá lálẹ́ ọjọ́ yẹn! Èmi ò tíì rí irú ẹ̀ rí.