Owó Ìlú, Ọdún Ọ̀ṣun àti Ẹ̀rọ Omi Tó Gbẹ

ÌBÉÈRÈ: Asalámù aléékúmù, Áfáà wa. Òṣogbo ni mò ń gbé. Iyàn kan bẹ́ sílẹ̀ lẹ́yìn ìrun Jímọ̀ ní mọ́sálásí wa. Ẹnì kan ní àṣà lásán ni ọdún Ọ̀ṣun, pé ó sì ń mú àlejò wá, nítorí náà kò burú bí aláṣẹ bá fi owó ìlú ṣe é. Ẹlòmíràn ní níwọ̀n ìgbà tí wọ́n bá ń náwó sí i tí ẹ̀rọ omi àdúgbò wa sì gbẹ, sísan owó orí kò di dandan fún Mùsùlùmí mọ́. Èwo ni ká gbà?

ÌDÁHÙN: Wa aléékúmù sàláámù. Ẹ má gba ìkankan nínú méjèèjì.

Ẹni tó pè é ní àṣà lásán, ṣé kò mọ ohun tí Arugbá, wúńdíá tó ń ru igbá ọdún náà, ń rù láti ààfin Àtàọ́ja, ọba Òṣogbo, lọ sí igbó Ọ̀ṣun ni? Ẹbọ ni, àwọn tó ni ín kò sì fi bò. Pé UNESCO, àjọ àgbáyé tó ń rí sí ẹ̀kọ́ àti àṣà, kọ orúkọ igbó náà sínú ìwé àjogúnbá àgbáyé lọ́dún 2005 kò sọ ẹbọ di ijó. Nínú hádíìsì tí Abu Dawud gbà wá, ọkùnrin kan jẹ́jẹ̀ẹ́ láti gún ràkúnmí ní ibì kan tí wọ́n ń pè ní Buwanah. Ohun tí Ànọ́bì (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) kọ́kọ́ bèèrè ni bóyá òrìṣà kan wà níbẹ̀ tí wọ́n ń sìn nígbà àìmọ̀kan, àti bóyá wọ́n ń ṣọdún kankan níbẹ̀ rí. Ìgbà tí wọ́n ní rárá ló tó gbà á láyè. Bí ẹran tí a fẹ́ pa fún Ọlọ́hun bá gba irú ìwádìí yìí nítorí ibi tí a ó ti pa á, kí la ó wá sọ nípa owó gbogbo ìlú tí a fi gbé ọdún ẹbọ fúnra rẹ̀ ró? Ní ti èrè orí àlejò, Suuratul-Bákárà, ẹsẹ 219, ti dáhùn: àǹfààní wà nínú ọtí àti tẹ́tẹ́, ṣùgbọ́n ẹ̀ṣẹ̀ wọn tóbi ju àǹfààní wọn lọ.

Àmọ́ ọ̀rọ̀ náà kò mọ sí Ọ̀ṣun. Amáánà, ohun tí a fi síkàáwọ́ ẹni láti tọ́jú, ni owó ìlú. Bukhari gba hádíìsì Khawlah, obìnrin kan nínú àwọn sàhábé, wá pé iná ni ti àwọn tó ń ná owó Ọlọ́hun ní ìnákúnàá láìtọ́, kò sì yọ ẹnikẹ́ni sílẹ̀ níbẹ̀. Nítorí náà, ẹ̀yin tí ẹ ń bú oníṣẹ̀ṣe, tí ẹ sì ń gba owó nínú àpò kan náà fún Mọ́líùdì, ayẹyẹ ọjọ́ ìbí Ànọ́bì, àdádáálẹ̀ tí Ànọ́bì àti àwọn sàhábé kò ṣe, tàbí fún Hajj ẹni tí kò ní agbára rẹ̀, tí Ọlọ́hun kò sì ṣe é ní dandan fún, ẹ dákẹ́ ná. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, kí a tó kírun Àsùbá, mo rí bàbá arúgbó kan tó fi eyín fa ọ̀rá píọ̀ wọ́tà ya, tó ń tú u sọ́wọ́ díẹ̀díẹ̀ fi ṣe àlùwàlá, nítorí pé kò tíì kan kẹ́ẹ̀gì tirẹ̀ nídìí ẹ̀rọ omi. Bàbá yẹn lówó náà tọ́ sí, ṣáájú onílù àti ṣáájú oní-Mọ́líùdì.

Ní ti owó orí, Ànọ́bì ní kí a fún àwọn aláṣẹ ní ẹ̀tọ́ wọn, kí a sì bèèrè tiwa lọ́wọ́ Ọlọ́hun. Mo mọ̀ pé kò rọrùn gbọ́ fún ẹni tó ń pọn omi láago mẹ́rin òru. Síbẹ̀, a kì í gbọ́ràn sí ẹ̀dá lẹ́nu níbi ìyapa àṣẹ Ọlọ́hun: òṣìṣẹ́ tí wọ́n bá yàn sídìí ọdún náà, kí ó bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n gbé òun síbòmíràn. Ẹ má dènà fún àwọn oníṣẹ̀ṣe, ẹ má sì bú ohun tí wọ́n ń sìn. Ẹ kọ lẹ́tà sí aláṣẹ, kì í ṣe ìbú orí mímbárì, kí ẹ kọ iye ilé tó ń pín ẹ̀rọ omi kan ṣoṣo sínú rẹ̀, kí àwọn àgbà àdúgbò sì fọwọ́ sí i.